Bí a ṣe ń ná alùpùpù tuntun lọ́wọ́ oníṣòwò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ ra alùpùpù tuntun. Èyí tí mo ń gùn báyìí, àlòkù ni mo rà á. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tà á, iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀ bá agbára mi mu, ṣùgbọ́n bí a ṣe jókòó báyìí ni ẹni tó dá mi lóhùn bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ owó ìkẹ́rù, owó ìtòpọ̀ àti owó ìwé, tó sì ń bi mí léraléra pé èló ni mo lè máa san lóṣooṣù. Wọ́n tún láwọn lè gba èyí tí mo ń gùn kí wọ́n fi dín owó tuntun kù. Ó ṣeé ṣe kí n lè san gbogbo owó náà lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ n kò mọ̀ bóyá ó yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. N kò mọ ọjà ná rárá. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ síwèé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi jókòó sí òdìkejì tábìlì yẹn, tí mo ń ta alùpùpù, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn olùrà nímọ̀ràn, mo sì lè sọ fún yín pé àwọn tó máa ń rà á ní iye tó dára kì í sábà jẹ́ àwọn tó lẹ́nu jù. Àwọn tó mọ iye kan ṣoṣo tó yẹ kí wọ́n ná, tí wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa àwọn kúrò lórí rẹ̀, ni. Iye náà ni àpapọ̀ owó tí ẹ ó san títí ẹ ó fi gun alùpùpù náà jáde, tòun ti owó-orí, ìwé àti nọ́ńbà. Ìbéèrè tí ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: "Èló ni gbogbo rẹ̀ jẹ́, tí kò ní ku ohunkóhun tí màá tún san?" Kí ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Kí ẹ lè mọ ohun tó wà nínú àpapọ̀ yẹn, ẹ jẹ́ ká yẹ àwọn owó tí wọ́n dárúkọ wò. Owó ìtòpọ̀ kì í ṣe irọ́: alùpùpù tuntun sábà máa ń dé nínú àpótí, mẹkáníìkì ni yóò sì to ọwọ́ ìdarí, dígí àti bátìrì, nígbà mìíràn táyà iwájú pàápàá, tí yóò yẹ bíréèkì àti ọ́ìlì wò kí ẹnikẹ́ni tó gùn ún. Iṣẹ́ gidi ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀, iye tí wọ́n ń béèrè fún un sì lè ju owó iṣẹ́ mẹkáníìkì lọ dáadáa. Owó ìkẹ́rù náà lè jẹ́ òótọ́. Ohun tí ẹ ó béèrè ni bóyá ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kò ti kà á mọ́ iye tí wọ́n kéde, kí ẹ má baà san án lẹ́ẹ̀mejì. Èrè ló pọ̀ jù nínú owó ìwé. Owó-orí àti owó ìforúkọsílẹ̀ kò ṣeé ná, nítorí ìjọba ló ni ín, ṣùgbọ́n ẹ wádìí iye wọn gan-an lọ́dọ̀ àwọn tó ń gbà á. Mi ò ní kí ẹ máa bá wọn jiyàn lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ní owó ìwé kò ṣeé yọ, ẹ ní kí wọ́n yọ iye kan náà kúrò lára owó alùpùpù fúnra rẹ̀, nítorí àpò kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń lọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ bá oníṣòwò méjì tàbí mẹ́ta mìíràn, kí ẹ béèrè àpapọ̀ owó lórí alùpùpù kan náà. Nígbà tí mo bá sọ pé ọ̀kan náà, mo ní i lọ́kàn pé kí oríṣi rẹ̀, ọdún rẹ̀ àti bíréèkì rẹ̀ bára mu, nítorí èyí tó ní ABS, ìyẹn ètò tí kì í jẹ́ kí táyà há bí ẹ bá tẹ bíréèkì lójijì, àti èyí tí kò ní in lè jọra délẹ̀délẹ̀ kí owó wọn sì jìnnà síra. Ìwé tí oníṣòwò mìíràn kọ fún yín lágbára ju àríyànjiyàn wákàtí kan lọ. Ó ń gba ẹni tí kò mọ ọjà ná lọ́wọ́ ìtìjú, nítorí ohun tí yóò sọ kò ju pé, "Iye tí mo rí níbòmíràn rèé; bí ẹ bá lè ṣe dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀dọ̀ yín ni mo ti fẹ́ rà á lónìí." Lẹ́yìn tí ẹ bá ti sọ ọ́ tán, ẹ dákẹ́, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n fèsì.

Ìgbà tí ẹ lọ tún ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ni kì í fi owó ara wọn kó ọjà. Wọ́n ń yá a ni, wọ́n sì ń san èlé lórí alùpùpù kọ̀ọ̀kan títí wọn yóò fi tà á. Èyí tó ti pẹ́ nílẹ̀ ń jẹ wọ́n lówó lójoojúmọ́. Ilé-iṣẹ́ náà sì sábà máa ń fún wọn ní iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ tà láàárín oṣù tàbí oṣù mẹ́ta, tí ẹ̀bùn owó sì wà fún ẹni tó bá dé ibẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ máa ń rọ̀ lẹ́nu wọn bí oṣù bá ń parí lọ. Bí ti ọdún tuntun bá ti dé, ti ọdún tó kọjá di ẹrù, ibẹ̀ sì ni ẹ̀dínwó tó pọ̀ jù máa ń wà. Ẹ wá àmì rẹ̀ fúnra yín: ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà, níbi tí wọ́n tẹ DOT sí, kí ẹ sì ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn. Bí ó bá jẹ́ 3823, ọ̀sẹ̀ kejìdínlógójì ọdún 2023 ni wọ́n ṣe táyà yẹn. Bí ẹ kò bá rí nọ́ńbà náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Táyà tó ti tó ọdún méjì lára alùpùpù tí wọ́n ń pè ní tuntun fún yín ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ẹ̀dínwó àti bátìrì tuntun. Ẹ rántí, ṣá, pé lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ tà á, ọdún tí wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀ ni ẹni tó fẹ́ rà á yóò wò, nítorí náà ẹ̀dínwó náà gbọ́dọ̀ tó nǹkan. Ní ti oríṣi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tí àwọn ènìyàn ń tò fún, ẹ má retí pé wọn yóò dín púpọ̀. Ẹ lè dúró di ìgbà tí ariwo rẹ̀ bá rọlẹ̀.

Ìbéèrè owó oṣooṣù ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Ẹ jẹ́ ká fi 5,000 ṣe àpẹẹrẹ, nínú owó yòówù tí ẹ bá ń ná. Bí ẹ bá yá a ní èlé ìdá 8 nínú 100 lọ́dún, tí ẹ ó sì san án tán ní oṣù 36, nǹkan bí 157 ni ẹ ó máa san lóṣooṣù, àpapọ̀ èlé rẹ̀ yóò sì jẹ́ nǹkan bí 640. Bí wọ́n bá nà án dé oṣù 60, owó oṣooṣù yóò wálẹ̀ sí nǹkan bí 101, inú yín yóò sì dùn, ṣùgbọ́n èlé yóò ti gòkè sí nǹkan bí 1,083. Ó tún wá burú jù báyìí: bí ẹ bá ti sọ pé 150 ni agbára yín ká lóṣù, oníṣòwò lè fi oṣù 60 yẹn gbé iye alùpùpù kan náà dé nǹkan bí 7,390, kí owó oṣooṣù, tòun ti èlé, má sì kọjá 150. Nítorí náà, bí wọ́n bá bi yín, ẹ fèsì pé, "Ẹ jẹ́ ká parí iye ọjà ná, a ó sọ̀rọ̀ lórí bí màá ṣe sanwó lẹ́yìn náà."

Èsì kan náà ló bá ìbéèrè yín nípa owó tó wà nílẹ̀ mu. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí àwọn bá fi owó han oníṣòwò, yóò dín iye rẹ̀ kù lójú ẹsẹ̀. Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó bá bá oníbàárà wá owó yá sábà máa ń rí èrè gbà lọ́dọ̀ ilé-ìfowópamọ́. Bí ó bá mọ̀ pé èrè yẹn kò sí, ó lè fẹ́ rí i lórí ọjà. Ẹ má purọ́ fún un. Ẹ kàn má ṣe sọ ọ́ kí ọ̀rọ̀ iye ọjà tó parí.

Ọ̀rọ̀ èyí tí ẹ ń gùn náà gbọ́dọ̀ dá dúró. Bí wọ́n bá pa ọjà méjèèjì pọ̀, wọ́n lè fún yín ní owó gọbọi lórí ògbólógbòó kí wọ́n sì gbà á padà lórí tuntun láìjẹ́ pé ẹ rí i. Ẹ kọ́kọ́ wádìí iye tí irú rẹ̀ ń lọ. Bí ẹ bá fúnra yín wá ẹni tí yóò rà á, owó tó pọ̀ jù ni ẹ ó sábà rí, ṣùgbọ́n yóò gba sùúrù. Ní àwọn orílẹ̀-èdè kan sì rèé, èyí tí oníṣòwò bá gbà máa ń dín owó-orí orí tuntun kù, ó sì yẹ kí ẹ ṣírò ìyẹn mọ́ ọn.

Nígbà tí iye bá ti dé ibi tí wọn kò lè dín in kù mọ́, ẹ béèrè èènì. Ó rọrùn fún wọn láti fún yín ní akoto tàbí iṣẹ́ àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ju kí wọ́n tún gé owó lọ. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ yẹn, tó sábà máa ń bọ́ sí nǹkan bí kìlómítà 1,000, tí wọ́n ń pààrọ̀ ọ́ìlì tí wọ́n sì ń yẹ ṣéènì wò, kì í ṣe nǹkan kékeré. Ní ti wárántì àfikún àti ìbánigbófò tí wọn yóò fi lọ̀ yín nígbà tó bá ti rẹ̀ yín, ẹ ní kí wọ́n fún yín níwèé rẹ̀ kí ẹ lọ kà á nílé.

Ẹ má san àsansílẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé wọn yóò dá a padà bí àdéhùn kò bá wáyé. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbé e, ẹ mú ìwé tí wọ́n kọ àpapọ̀ owó sí lọ́wọ́, kí ẹ fi wé ìwé àdéhùn ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kí nọ́ńbà ara alùpùpù náà àti ti inú ìwé sì bára mu. Bí owó kan bá yọjú tí ẹ kò jọ sọ, ẹ ní kí wọ́n tún ìwé náà tẹ̀ lójú yín kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gba kọ́kọ́rọ́ méjèèjì, ìwé ìtọ́sọ́nà, àti ìwé wárántì tí wọ́n kọ ọjọ́ yẹn gan-an sí gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.