Nọ́ńbà tí a ń gé nírù

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Oníṣirò. Ọmọ mi ní nọ́ńbà àkọ́kọ́ (irú èyí tó ju 1 lọ, tí 1 àti òun fúnra rẹ̀ nìkan lè pín láìṣẹ́kù) ni 73939133, pé bí mo bá ń gé òǹkà tó gbẹ̀yìn dànù lọ́kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni yóò máa ṣẹ́kù títí yóò fi ku 7. Ó tún ní kò sí irú rẹ̀ tó tóbi jù ú lọ. Ta ló ka nọ́ńbà ayé tán tó fi mọ̀? (Bàbá Akẹ́kọ̀ọ́)

ÌDÁHÙN: Òótọ́ lọmọ sọ, Bàbá. 7, 73, 739, 7393, 73939, 739391, 7393913, 73939133: kò sí èyí tó ṣeé pín láìṣẹ́kù nínú wọn, àfi kí ẹ fi 1 tàbí òun fúnra rẹ̀ pín in.

Ẹnikẹ́ni ò ka nọ́ńbà ayé tán. Dípò ká máa gé ìrù, ńṣe là ń so ìrù mọ́ ọn. Òǹkà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ 2, 3, 5 tàbí 7. Lẹ́yìn ìyẹn, 1, 3, 7 àti 9 nìkan ló ṣeé fi kún un, torí àwọn tó kù yóò jẹ́ kí 2 tàbí 5 pín in. Mo fi pẹ́ńsù ṣe é dé olóǹkà mẹ́ta, inú mi sì dùn gan-an nígbà tí mo dé orí 53. 531 àti 537, 3 pín wọn. 533 jẹ́ 13 lọ́nà 41. 7 pín 539. Bí ìlà 53 ṣe parí nìyẹn!

Bí a bá tò ó láti olóǹkà kan lọ sókè, iye wọn ni 4, 9, 14, 16, 15, 12, 8, 5. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 83. Àwọn márùn-ún tó gbẹ̀yìn ni 23399339, 29399999, 37337999, 59393339 àti ti ọmọ yín. Òǹkà mẹ́rin péré ló ṣeé so mọ́ ìkọ̀ọ̀kan wọn, ogún nọ́ńbà ni ká yẹ̀ wò, kò sì sí nọ́ńbà àkọ́kọ́ kan nínú ogún náà. Ẹ so 1 tàbí 7 mọ́ 73939133 kí ẹ ro àwọn òǹkà rẹ̀ pọ̀: 39 tàbí 45 ni, 3 sì pín méjèèjì.

Ẹ bá mi kí ọmọ náà. Ẹ fún un ní 357686312646216567629137, kó máa gé e níwájú. Òun ló tóbi jù nínú 4260 tí wọ́n ń gé níwájú tí kò ní òdo nínú.