Èsì: Ta ni kí ó ju bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Àbámẹ́ta?
Ẹ kú iṣẹ́, kóòṣì. Ẹ bèèrè èwo nínú àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta yín tó ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó fẹ́ fi igi gbá a nínú eré softball ni kí ó jù ú lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí ìdíje tún wà lọ́jọ́ Àìkú. Bí ẹ bá fẹ́ kí èyí tó dáńtọ́ jù lọ nínú àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta yín ju bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Àìkú, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó kọjá ìníǹgì 6 (ìníǹgì ni ìpín eré tí ẹgbẹ́ méjèèjì ti máa ń gba ipò láti fi igi gbá bọ́ọ̀lù) lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Èyí wà fún líìgì tó bá ń tẹ̀ lé òfin softball ti Little League, àjọ tó ń ṣètò eré náà fún àwọn ọmọdé, nítorí pé ẹni tó bá ju bọ́ọ̀lù nínú ìníǹgì 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ fi odindi ọjọ́ kan sinmi. Bó bá sì jẹ́ bọ́ọ̀lù ẹyọ kan ṣoṣo ló jù nínú ìníǹgì kan, odindi ìníǹgì kan ni wọn yóò kà á sí, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ kóòṣì ti ń ṣì í kà.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ọmọ tó dáńtọ́ ṣìkejì ju bọ́ọ̀lù láti ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje àkọ́kọ́. Bí èjìká bá ń dun ẹnikẹ́ni, ẹ yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀.