Èsì: Jeanty àbí Barry Sanders, ta ló ṣì wà lókè?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ béèrè bóyá Ashton Jeanty ti Boise State ti gba ipò kìíní lọ́wọ́ Barry Sanders nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí àwọn yunifásítì ń gbá, ní ti iye yáàdì tí ẹnì kan gbé bọ́ọ̀lù sá láàárín sáà kan. Rárá o. Yáàdì 27 péré ló kù ú kù.

Sanders sá 2,628 fún Oklahoma State ní 1988. Jeanty parí sí 2,601 ní 2024. Yáàdì 132 ló ń wá láti kọjá Sanders nígbà tó wọ Fiesta Bowl, ọ̀kan lára àwọn bowl, ìyẹn ìdíje ìparí sáà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Penn State kò jẹ́ kó rímú mí. Ìgbà 30 ló gbé bọ́ọ̀lù lálẹ́ ọjọ́ náà, 104 ló rí kó jọ. Àánú ọmọ náà ṣe mí gan-an.

Ṣùgbọ́n ẹ wo iye ìdíje o. 11 ni wọ́n kà fún Sanders, 14 ni ti Jeanty. Ṣáájú 2002, NCAA, àjọ tó ń bójú tó eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, kì í ka ohun tí èèyàn bá ṣe nínú bowl mọ́ àkọsílẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Sanders sá yáàdì 222, ó sì gba touchdown (gbígbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà ìparí pápá) márùn-ún, nínú Holiday Bowl tí wọ́n ti fi 62 sí 14 na Wyoming. Lójú tèmi, kò tíì sẹ́ni tó sún mọ́ ọn.

Torí náà, tí ẹ bá rí ibi tí wọ́n kọ 2,850 sí iwájú orúkọ rẹ̀, wọ́n ti ro ti bowl mọ́ ọn ni. 2,628 ni ti NCAA.