Àbùjá lórí ilẹ̀, àbùjá lọ́rùn ọ̀pẹ

Ìyá kan kọ̀wé sí mi láti Ìjàpọ̀, ní Àkúrẹ́ níbí. Ọmọ rẹ̀ mú iṣẹ́ àṣetiléwá dé: kó wá ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù lára onígun mẹ́ta kan tí igun rẹ̀ kan dúró ṣánṣán. Bàbá àgbà ọmọ náà, tó ṣe bíríkìlà títí ó fi darúgbó, wo àwòrán náà, ó ní, "Àbùjá nìyẹn." Tíṣà ọmọ ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé ọ̀nà tó kúrú là ń pè ní àbùjá, èyí ló sì gùn jù. Ìyá ń béèrè ẹni tó tọ̀nà nínú àwọn méjèèjì, àti bóyá àbùjá kan náà ló wà nínú òwe "Kò sí àbùjá lọ́rùn ọ̀pẹ."

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Bàbá tọ̀nà. Tíṣà náà ò parọ́.

Ẹni tí kò bá tẹ̀lé títì dé kọ́nà kó tó yà, tó gba ẹ̀yìnkùlé onílé kọjá, a máa ń sọ pé ó bùjá. "Bù" yẹn la fi ń bu iyán, ìyẹn ni pé ká mú díẹ̀ kúrò lára nǹkan. "Já" ni ti ọ̀nà tó já sí ọjà. Ẹni náà bu díẹ̀ kúrò nínú ìrìn rẹ̀, ó sì já síbi tó ń lọ.

Ẹ wo pápá ilé ìwé lásìkò òjò. Koríko a bo gbogbo rẹ̀, àfi ojú ọ̀nà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gba àárín kọjá láti igun kan dé èkejì, níbi tí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ tó ń sáré kí wọ́n má baà pẹ́ ti tẹ koríko pa. Ká ní ẹ̀gbẹ́ pápá kan jẹ́ 60 ìṣísẹ̀, èkejì 80. Ọmọ tó bá gba etí pápá yóò rin 140. Ẹni tó bùjá yóò rin 100 péré. 100 yẹn ju 60 lọ, ó ju 80 lọ, síbẹ̀ kò tó 140. Tíṣà fi í wé ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó rí i pé ó gùn. Bàbá fi í wé méjèèjì pọ̀, nítorí ẹni tó ń rìn, méjèèjì ló ń rìn pọ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni àwọn ọmọ ti máa ń ṣìṣe. Tí ẹ̀gbẹ́ kan bá jẹ́ 3, tí èkejì jẹ́ 4, wọn á ro 3 pọ̀ mọ́ 4, wọn á kọ 7. Ìrìn ẹni tó gba kọ́nà ni 7 yẹn, kì í ṣe àbùjá. Ẹ ní kó ṣe é báyìí: 3 lọ́nà 3 jẹ́ 9, 4 lọ́nà 4 jẹ́ 16, àròpọ̀ wọn jẹ́ 25. Nọ́ńbà wo la máa fi lọ́nà ara rẹ̀ kó tó di 25? 5 ni.

Mo dúró ti bíríkìlà kan rí lọ́nà Ọ̀bà-Ilé nígbà tó ń gbé ìpìlẹ̀ ilé kalẹ̀. Ó kan èèkàn, ó ta okùn méjì kọjá ara wọn, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí fíìtì 3 lórí ọ̀kan, fíìtì 4 lórí èkejì, ó ní kí ọmọṣẹ́ rẹ̀ na téèpù láti àmì dé àmì. Téèpù ka 5, ó lé díẹ̀. Kò sọ̀rọ̀. Ó fa èèkàn tu, ó sún un níwọ̀n ìbú ìka kan, wọ́n tún wọ̀n ọ́n, títí ó fi jẹ́ 5 géérégé. Ó wá ní, "Ó ti síkúwéà," ìyẹn ni pé igun náà ti dúró ṣánṣán.

Orúkọ Pythagoras ará Gíríìsì ni wọ́n fi ń pe ìṣirò yìí nílé ìwé, àmọ́ àwọn ará Bábílónì ti mọ̀ ọ́n ní ohun tó ju 1,000 ọdún lọ kí wọ́n tó bí i. Ọ̀rọ̀ hypotenuse tí ọmọ ń kọ́, orúkọ ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù yẹn, wá láti èdè Gíríìkì, ó túmọ̀ sí ohun tí a nà sábẹ́ igun. Okùn ni wọ́n ń wò. Ẹsẹ̀ tó ń rìn ni tiwa ń wò, mo sì fẹ́ràn tiwa jù. Ohun kan péré ni kí ẹ kìlọ̀ fún ọmọ: ibikíbi tí ọ̀nà bá ti tẹ̀ ni àbùjá wà, ṣùgbọ́n ìṣirò yẹn kò ṣiṣẹ́ àfi tí igun bá dúró ṣánṣán. Nínú ìdánwò, hypotenuse ni kó kọ.

Ní ti òwe, àbùjá kan náà ni. Ohun tó tẹ̀lé e nínú òwe náà ni "ibi tí a bá gbà gòkè la ó gbà sọ̀." Adẹ́mu tó fi igbà kọ́ ara rẹ̀ mọ́ ọ̀pẹ, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà níwájú rẹ̀, ìdí dé orí. Ọ̀pẹ kò ní kọ́nà, kò sì ní ẹ̀ka tó lè yà sí. Níbi tí kò bá ti sí kọ́nà, kí lèèyàn fẹ́ bù kúrò? Ìdí nìyẹn tí a fi ń pa á fún ẹni tó fẹ́ fo àárín iṣẹ́ tí ìpele kan kò ṣeé fò, bí ẹni tó fẹ́ gba òmìnira láìkọ́ṣẹ́ parí.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà àti Bàbá jọ wọn pálọ̀ yín. Kí wọ́n sàmì sí fíìtì 9 lára ògiri kan láti kọ́nà, 12 lára èkejì, kí ọmọ na téèpù láàárín àmì méjèèjì. Tí kọ́nà yín bá síkúwéà, 15 ni yóò kà.