Ọkọ̀ ogun Kingston tí kò jagun rí: kí ló pa á?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ kó àwọn ọmọ mi láti Toronto lọ wo Kingston. Mo gbọ́ pé wọ́n kan ọkọ̀ ogun alágbàá (ìbọn ńlá) 112 sórí adágún níbẹ̀, pé kò jagun rí tó fi jẹrà. Kí ló fà á? Kí ló kù tí a lè fojú rí?

Ìdáhùn: Òótọ́ lẹ gbọ́, àmọ́ ọkọ̀ náà ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Adágún Ontario ni ààlà Gẹ̀ẹ́sì, tó ni Kánádà nígbà náà, àti Amẹ́ríkà nínú ogun wọn tó bẹ̀rẹ̀ ní 1812. Ọgbà ìkànkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà ní Point Frederick ní Kingston láti 1789, ti Amẹ́ríkà wà ní Sackets Harbor lódìkejì. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án 1814 ni HMS St Lawrence, ọkọ̀ tí ẹ ń bèèrè, bọ́ sómi. Bó ṣe jáde báyìí, àwọn Amẹ́ríkà kó ọkọ̀ tiwọn wọ èbúté. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti fọwọ́ síwèé àlàáfíà.

Igi tútù ló pa á. Pákó tó nípọn ní íǹṣì kan a máa lò tó ọdún kan kó tó gbẹ dáadáa, ti ọkọ̀ ogun sì nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ogun kò jẹ́ kí wọ́n dúró. Igi igbó ìtòsí tí oje ṣì wà lára rẹ̀ ni wọ́n lò. Bí irú igi bẹ́ẹ̀ bá ń gbẹ, á súnkì, ojú ìpàdé pákó á là, òjò á gbabẹ̀ wọlé, olú á hù, igi á sì jẹ láti inú wá kí ojú tó rí i.

Wọn ò lè gbé e lọ sókun. Omi tó ń ru gùdù lórí àpáta dí ọ̀nà odò St Lawrence láàárín Kingston àti Montreal. Inú ọkọ̀ pẹlẹbẹ kéékèèké ni àgbá àti ìdákọ̀ró láti Gẹ̀ẹ́sì gbà gòkè odò yẹn. Omi adágún sì ṣeé mu, wọn ò nílò àyè ìpamọ́ omi mímu, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi jẹ́ kí ikùn ọkọ̀ náà jìn. Ní 1832 wọ́n tà á ní pọ́n-ùn 25. Egungun rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ omi nítòsí èbúté ìlú.

Orí òkè Fort Henry ni kí ẹ kọ́kọ́ gùn. Ẹ kọjú sí ìwọ̀-oòrùn: Navy Bay wà nísàlẹ̀, Point Frederick wà lódìkejì rẹ̀. Ọ̀tá tó bá gbé àgbá sórí òkè yẹn ló máa fọ́ ọkọ̀ tí wọ́n ṣì ń kàn lọ́wọ́, ìyẹn ni wọ́n ṣe mọ odi síbẹ̀ lásìkò ogun. Èyí tí ẹ ó rí báyìí, 1832 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá Stone Frigate ní Point Frederick, ilé olókùúta tí wọ́n kó okùn àti ìgbòkun sí nígbà tí àdéhùn 1817 fi ọkọ̀ kan ṣoṣo, alágbàá kan, sílẹ̀ fún orílẹ̀-èdè méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan lórí adágún náà. Royal Military College ló ni ilẹ̀ yẹn báyìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ológun ló ń sùn nínú ilé náà, nítorí náà ìta ni ẹ ó ti wò ó.