Nínú Àwọn Wo? Bí A Ṣe Ń Ka Àtẹ Ọ̀nà Méjì

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, níbí ní Abẹ́òkúta. Mo fẹ́ gba ìsọ̀ kejì sí Pánṣẹ́kẹ́, mi ò sì mọ irú ọjà tí màá kó síbẹ̀: ṣé àfọwọ́ṣe ni, ẹlẹ́kọ àti oníko, àbí èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀. Mo bá mú ìwé, mo jókòó sẹ́nu ìsọ̀ fún Sátidé mẹ́rin, mo ń bi àwọn oníbàárà ní nǹkan méjì: ṣé ará Abẹ́òkúta ni wọ́n àbí àlejò, irú èwo ni wọ́n sì rà. Àwọn mẹ́sàn-án ra méjèèjì, mo yọ wọ́n kúrò. Ó ku 160. Nínú wọn, 76 ra àfọwọ́ṣe: ará Abẹ́òkúta 48, àlejò 28. 84 ra ti ẹ̀rọ: ará Abẹ́òkúta 72, àlejò 12. Àbúrò mi ọkùnrin tó kàwé ní ọ̀rọ̀ ti yanjú, pé 63% àwọn tó ra àfọwọ́ṣe ló jẹ́ ará ilé, kí n yáa kó àfọwọ́ṣe kún Pánṣẹ́kẹ́. Ohun tí ojú mi ń rí lọ́jà kọ́ nìyẹn. Ta ló tọ̀nà nínú àwa méjèèjì?

Ìyá Ẹniọlá, Ìtòkú

Ìdáhùn

Ìyá Ẹniọlá, ẹ kú ọjà o. Ajé á wọ igbá.

Àbúrò yín mọ ìṣirò, kò ṣì í rárá. Síbẹ̀, ẹ̀yin lẹ tọ̀nà. Ìbéèrè tó dáhùn yàtọ̀ sí èyí tí ẹ bi í. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé ìdá ọgọ́rùn-ún wá síwájú mi, ohun kan ni mo máa ń kọ́kọ́ bi í: nínú àwọn wo? Bó ṣe máa dáhùn ni màá fi mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn mí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ to ohun tí ẹ kọ ránṣẹ́ sórí àtẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pàtẹ láràárọ̀ kò ní ṣòro fún láti rí i. Ìbéèrè kan ń lọ ní ìbú, ìkejì ń lọ ní òòró, oníbàárà kọ̀ọ̀kan sì ní ilé kan ṣoṣo, ìyẹn àpótí kékeré inú àtẹ, tó bọ́ sí.

| | Àfọwọ́ṣe | Ti ẹ̀rọ | Àpapọ̀ |
|---|---|---|---|
| Ará Abẹ́òkúta | 48 | 72 | 120 |
| Àlejò | 28 | 12 | 40 |
| Àpapọ̀ | 76 | 84 | 160 |

Bí ẹ bá tún máa ṣe irú rẹ̀, ẹ má kà á lọ́kàn. Ẹ fa ilé mẹ́rin sínú ìwé, kí ẹ máa bá àkọsílẹ̀ yín bọ̀ láti òkè, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní igi kan nínú ilé tirẹ̀. Tí igi bá pé mẹ́rin, kí ìkarùn-ún dábùú wọn, kó lè rọrùn láti kà ní márùn-ún márùn-ún. Bí ẹ bá ti ka ẹnì kan, ẹ fi bírò sàmì sí i lára. Lẹ́yìn náà, ẹ ro ìlà ìbú, ẹ ro ìlà òòró. 120 àti 40 jẹ́ 160. 76 àti 84 náà jẹ́ 160. Bí ọ̀nà méjèèjì kò bá bára mu, ìròpọ̀ ló ṣì. Bí wọ́n bá bára mu ṣùgbọ́n tí kò tó iye ènìyàn inú ìwé, ẹ ti fo ẹnì kan nìyẹn.

Àwọn mẹ́sàn-án tí ẹ yọ, ohun tí ẹ ṣe kò burú, kí ẹ ṣáà kọ ọ́ sábẹ́ àtẹ pé ẹ yọ wọ́n. Ohun tí kò dáa ni kí ẹ kà wọ́n síhìn-ín, kí ẹ tún kà wọ́n sọ́hùn-ún.

Wàyí o, 48 ju 28 lọ, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Àmọ́ inú 120 ni 48 ti jáde, inú 40 péré ni 28 ti jáde. Ìdí rèé tí a fi ń sọ iye di ìdá: ẹ fi àpapọ̀ pín in, ẹ fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀. Ibi tí wàhálà wà ni pé àpapọ̀ mẹ́ta ló yí 48 yẹn ká. 160 wà, 76 wà, 120 wà, èyí tí ẹ bá sì mú nínú wọn ni yóò pinnu ohun tí èsì náà ń sọ.

Bí ẹ bá fi 160 pín in, 30% ni. Nínú gbogbo ẹni tí ẹ bi, ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ará Abẹ́òkúta tó tún ra àfọwọ́ṣe. Kò ràn yín lọ́wọ́ púpọ̀, ẹ jẹ́ ká kọjá.

Bí ẹ bá fi 76 pín in, 63% ni. Àbúrò yín nìyẹn. Ó kó àwọn tó ti ra àfọwọ́ṣe jọ sójú kan, ó wá ń bi wọ́n pé, "Níbo lẹ ti wá?"

Bí ẹ bá fi 120 pín in, 40% ni. Níbí, àwọn ará Abẹ́òkúta la kó jọ, a wá ń bi wọ́n pé, "Kí lẹ rà?" Ogójì nínú ọgọ́rùn-ún wọn ra àfọwọ́ṣe, ọgọ́ta ra ti ẹ̀rọ. Ẹ ṣe ti àlejò bákan náà: 28 nínú 40, 70% ni. Ohun tí ojú yín ti ń rí lọ́jà gan-an nìyẹn, pé àlejò ló ń wá àfọwọ́ṣe kiri, tí ọ̀pọ̀ ará ilé ń mú ti ẹ̀rọ.

Èwo wá ni tiyín nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ẹ fojú inú wo ẹni tó ń bọ̀ ní ìsọ̀ Pánṣẹ́kẹ́. Kó tó wọlé, ẹ ti gbà pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ará ìlú. Ohun tó máa rà lẹ ò mọ̀. Ohun tí ẹ ti mọ̀ ló ń di àpapọ̀ tí ẹ fi ń pín. Ohun tí ẹ ń wá ló ń wà nínú ilé tí ẹ ń pín. Àbúrò yín yí i po.

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ lọ́nà mìíràn, torí ibi tó ń ṣi àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá lọ́nà nìyí. Ká ní ẹ dúró lẹ́sẹ̀ Olúmọ, tí ẹ sì rí i pé àlejò ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gun òkè. Ṣé ìyẹn wá túmọ̀ sí pé púpọ̀ nínú àlejò tó wọ Abẹ́òkúta ló ń gun Olúmọ? Ẹlòmíràn, òkú ló bá wá. Ẹlòmíràn, ìdána ló bá wá, kò sì ní rí ẹsẹ̀ òkè náà títí yóò fi wọkọ̀ padà.

Nǹkan mìíràn tún wà nínú 63% yẹn tí kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀: iye ẹni tí ẹ bi wà nínú rẹ̀. Ká sọ pé àlejò 120 lẹ bi dípò 40, kí ìṣe wọn má sì yí padà. 70% nínú 120 jẹ́ 84. Àwọn tó ra àfọwọ́ṣe yóò wá di 48 àti 84, ìyẹn 132. 48 nínú 132 kò ju 36% lọ. Ẹnikẹ́ni kò yí ọkàn padà, síbẹ̀ 63% ti di 36%, nítorí pé àlejò tí ẹ dá dúró pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀, 40% àti 70% wà níbi tí wọ́n wà, wọn ò mira. Ìdá tó ń yí padà bí ẹ bá ṣe sún àga yín sọ́tùn-ún tàbí sósì, ẹ má fi owó ìsọ̀ lé e lórí.

Ojú ti tì mí rí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, iléeṣẹ́ kan tó ń yá àwọn obìnrin ọjà lówó ní kí n ṣèwádìí fún wọn ní Lafẹ́nwá. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sójú ìwé kìíní pé eléèlùbọ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn tí kò tíì san gbèsè tán. Ọ̀gá kà á sókè nípàdé, wọ́n sì ti ń sọ pé kí wọ́n dín owó eléèlùbọ́ kù. Ìyá àgbàlagbà kan tún gèlè rẹ̀ dì, ó dìde, ó ní, "Ọmọ mi, àwa eléèlùbọ́, mélòó la jẹ́ nínú gbogbo àwọn tẹ́ ẹ yá lówó?" Mo ṣí ìwé mi. Eléèlùbọ́ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kún inú rẹ̀ látòkè délẹ̀. Bí mo ṣe fi iye wọn pín in, wọ́n ń sanwó ju àwọn aláṣọ lọ. Bí ilẹ̀ bá lanu lọ́jọ́ náà, mi ò bá kó sí i. Ẹnu ìyá yẹn ni mo ti kọ́ "nínú àwọn wo", kì í ṣe ní kíláàsì.

Ẹ lè wá bi mí pé, ṣé ìyàtọ̀ àárín 40% àti 70% kì í ṣe èèṣì lásán? Ẹ wo ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá: 76 nínú 160, ìyẹn 47.5%. Bí ibi tí ènìyàn ti wá kò bá kan ohun tó ń rà, ìdá kan náà yẹn la bá rí lápá méjèèjì: 57 nínú 120, 19 nínú 40. Ẹ̀yin rí 48 àti 28. Mẹ́sàn-án ló dín lápá kan, mẹ́sàn-án ló lé lápá kejì. Lọ́dún 1900, Karl Pearson, onímọ̀ ìṣirò ará Ìlú Ọba, gbé ọ̀nà kan jáde tí a fi ń wọn irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú ilé kọ̀ọ̀kan, 9 lọ́nà 9 jẹ́ 81. Ẹ fi iye tí à bá retí níbẹ̀ pín in, ìyẹn 57 àti 63 (èyí tó kù nínú 120), 19 àti 21 (èyí tó kù nínú 40), kí ẹ ro mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Tiyín jẹ́ nǹkan bí 10.8. Fún àtẹ onílé mẹ́rin bíi tiyín, bí kò bá sí ìbátan kankan, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan péré nínú ogún ni iye yìí máa ń kọjá 3.84. Tiyín kọjá rẹ̀ jìnnà. Ìbátan wà níbẹ̀.

Ohun tó fa ìbátan náà lọ̀rọ̀ kù sí, torí ó lè sá pamọ́ sẹ́yìn àtẹ. Lọ́dún 1986, àwọn dókítà kan ní Ìlú Ọba fi ọ̀nà tí wọ́n fi ń yọ òkúta inú kíndìnrín wéra. Ti iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń la ara yọrí sí rere fún 273 nínú 350, 78%. Ọ̀nà tuntun tí wọ́n fi ń lu ihò kékeré sí ara yọrí sí rere fún 289 nínú 350, 83%. Ta ni kò ní mú tuntun? Àmọ́ ẹ pín àtẹ náà sí méjì, kí ẹ wò ó. Fún òkúta kékeré, iṣẹ́ abẹ 81 nínú 87, tuntun 234 nínú 270: 93% sí 87%. Fún òkúta ńlá, iṣẹ́ abẹ 192 nínú 263, tuntun 55 nínú 80: 73% sí 69%. Iṣẹ́ abẹ ló borí níbi méjèèjì! Àwọn tí òkúta wọn tóbi, tí ọ̀rọ̀ wọn le, ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún, ìyẹn ló fà á sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Nínú ọ̀rọ̀ tiyín, aṣọ ẹbí ni mo fura sí. Sátidé nìkan lẹ fi ṣèwádìí, ọjọ́ òde sì ni Sátidé nílùú wa. Ará ilé tó wá ra aṣọ ẹbí fún ogójì ènìyàn, ti ẹ̀rọ tó bára mu délẹ̀ ló máa wá. Àlejò tó fẹ́ mú nǹkan Abẹ́òkúta délé, ẹlẹ́kọ kan ti tó o. Ó lè jẹ́ pé ohun tí wọ́n fẹ́ fi aṣọ ṣe ló ń pín wọn níyà, kì í ṣe ìlú tí wọ́n ti wá. Ẹ fi ìbéèrè kẹta kún un: "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Kí ẹ sì tún ìwádìí náà ṣe lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú. Lẹ́yìn náà, ẹ ya àtẹ méjì, ọ̀kan fún aṣọ ẹbí, ọ̀kan fún aṣọ ara ẹni.

Ní báyìí ná, bó bá jẹ́ èmi ni, 40% ni màá fi lọ sí Pánṣẹ́kẹ́: nínú oníbàárà mẹ́wàá, kí n máa retí mẹ́rin tó fẹ́ àfọwọ́ṣe. Ẹ rántí pé orí ènìyàn lẹ kà, ẹ ò ka yáàdì, ẹ ò sì ka èrè. Bí èrè orí ẹlẹ́kọ kan bá tó ti mẹ́ta ti ẹ̀rọ, mẹ́rin yẹn lè bọ́ ìsọ̀ náà. Ìyẹn wà lọ́wọ́ yín, kò sí nínú àtẹ.

Ẹ má sì sọ 63% nù. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ kọ pátákó sẹ́nu ìsọ̀ Ìtòkú, tí ẹ fẹ́ mọ àwọn wo gan-an ló ń ra àfọwọ́ṣe lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ Sátidé, òun lẹ máa lò.

Ẹ bá mi kí àbúrò yín. Ẹ ní kó fi 120 pín 48.