Èsì: Ṣọ́ọ̀bù kọfí kékeré tí adùn rẹ̀ kì í dúró sójú kan

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní kọfí wọn dùn lánàá, lónìí ó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́, ṣé kí ẹ ṣì máa lọ?

Ẹ máa lọ ní tiyín. Lọ́pọ̀ ìgbà, bí wọ́n ṣe lọ kọfí náà ló ń fà á. Ẹsipírẹ́sò, ìyẹn kọfí kékeré tó le, tí ẹ̀rọ máa ń fi agbára ti omi gbóná gba inú kọfí lílọ̀ ṣe, sábà máa ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 25 sí 30 kó tó ro tán sínú ife. Tí kọfí tí wọ́n lọ̀ bá kúnná jù, omi ò ní tètè ráyè kọjá, kọfí á korò. Tí kò bá kúnná tó, omi á sáré kọjá, á kan. Ojú àti ọwọ́ ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ ló ń tún un ṣe, ọwọ́ ènìyàn ò sì dọ́gba lójoojúmọ́.

Àga mẹ́ta tí ò jọra, tábìlì tí wọ́n fi bébà há lẹ́sẹ̀ kó má baà mì, ẹni tó ti ń gbé ife yín kalẹ̀ kí ẹ tó lanu: ìyẹn gan-an ló ń fà mí. Ohun tí mi ò lè gbà ni kí wàrà gbẹ mọ́ ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń gbé e gbóná. Ó yẹ kí wọ́n máa nù ún lẹ́yìn ife kọ̀ọ̀kan.

Tó bá tún kan lọ́la, ẹ sọ fún wọn. Wọ́n á ṣe òmíràn.